Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Ross, Ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ Ìgbà Kan

Ọ̀gá Ross,

Láti 1931 tí ẹ ti di ẹrù yín kúrò ní Ọ̀yọ́ la ò ti gbúròó yín mọ́, ẹ ò sì ránṣẹ́ béèrè bóyá a jí dáadáa. Kò burú. Ẹni tó fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pàṣẹ fọ́lọ́mọ ọlọ́mọ, ó yẹ kó sinmi.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn gan-an ló mú mi gbé kálàmù. Ẹ̀yin rò pé ẹ ti sùn, àwọn ọ̀mọ̀wé ò jẹ́ kí ẹ sùn. Bí wọ́n bá jókòó ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó, àní ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí ìjọba amúnisìn gbìn sínú òṣèlú wa tí a ò rí fà tu, irú yín ni wọ́n ń nà níjà. Àwọn kan ní ẹ ba ayé wa jẹ́ débi pé kò ní í ṣeé tún ṣe. Àwọn mìíràn ní ẹ ò tó ẹni tí í ba ayé jẹ́, pé ẹ kàn kọjá lọ ni. Mi ò mọ èwo ni yóò dùn yín jù nínú méjèèjì. Bí mo ṣe ka ìwé àwọn òyìnbó ìgbà yín tó, mo fura pé ẹ ó yàn kí wọ́n pè yín níkà ju kí wọ́n pè yín lẹ́ni tí kò jámọ́ nǹkan lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọwọ́ yín ná. Ọ̀yọ́ tí ẹ bá nílẹ̀ kì í ṣe Ọ̀yọ́ tí ìròyìn rẹ̀ kan Dàhòmì mọ́. Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, Àtìbà ti tún ìlú tẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, Ìbàdàn ló sì ń fọrùn ru ẹrù ogun. Àwọn ni wọ́n dá àwọn Fúlàní dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Aláàfin ní adé, Ìbàdàn ní ìbọn, kálukú mọ àyè ara rẹ̀. Ní November 1895, Kápẹ́ẹ̀nì Bower tó ṣáájú yín yin àgbá lu Ọ̀yọ́, kó lè yé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní pé onílé tuntun ti dé.

Ìlú tí àwọn èèyàn yín fi àgbá kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ yìí náà lẹ tún wá gbé ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Lugard, ọ̀gá àgbà yín, ti rí irú ọba tó wù ú ní Sókótó àti Kánò, ó fẹ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yin mọ ibi tó wà, ọ̀rẹ́ yín ni. Ẹ ti mọ Ládìgbòlù láti ìgbà tó wà nípò Àrẹ̀mọ lábẹ́ bàbá rẹ̀, Aláàfin Láwàní, nígbà tó sì gorí ìtẹ́ ní 1911, òun nílé, ẹ̀yin lóde. Nígbà tí Lugard pín ilẹ̀ ní 1914, wọ́n fi Ọ̀yọ́ ṣe olú ẹkùn, wọ́n kó Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọra tún un sọ kó lè dùn létí: wọ́n kó Ifẹ̀ sábẹ́ Ọ̀yọ́, wọ́n tún kó Ìbàdàn tó ń gbèjà Ọ̀yọ́ sábẹ́ ẹni tí wọ́n ń gbèjà. Ẹ sì fi ọwọ́ sọ àyà pé àṣà ìbílẹ̀ lẹ ń dá padà sípò.

Àṣà ìbílẹ̀ ti ta ni, ọ̀gá mi? Ní Ọ̀yọ́ láéláé, Aláàfin kì í dá a ṣe. Ọ̀yọ́mèsì méje wà níbẹ̀, Baṣọ̀run ni olórí wọn, bí ọ̀rọ̀ bá sì dójú ẹ̀, wọ́n á ní kí kábíyèsí lọ sùn. Gáà tilẹ̀ ṣe é ní àṣejù, ó ń fi ọba jẹ, ó ń ní kí ọba lọ sùn, títí tí Abíọ́dún fi ká a mọ́lé ní 1774. Ẹ̀yin dé tẹ̀yin tìwé òfin, ẹ sọ Aláàfin di aláṣẹ kan ṣoṣo tí ìjọba mọ̀, ẹ fi kóòtù, owó orí àti akóda lé e lọ́wọ́. Ta ló wá kù láyé tó lè ní kó lọ sùn? Ẹ̀yin nìkan. Ọgbọ́n yẹn jinlẹ̀, mo gbóṣùbà fún yín.

Àwọn ará Ìbàdàn kò gbóṣùbà. Ìlú tí ọmọ ẹnikẹ́ni ti lè fi ojú ogun di Baálẹ̀, wọ́n ní kó máa wo ojú Ọ̀yọ́ kó tó mí. Baálẹ̀ Sítù, ọmọ Látòósà, Látòósà tó kó ogun lọ sí Kírìjì, ẹ yọ ọ́ lóyè ní 1925 bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ká sòótọ́, Ìbàdàn náà ti rán ajẹ́lẹ̀ rí. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fojú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà rí màbo tó bẹ́ẹ̀ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí wọ́n sì fi ọdún mẹ́rìndínlógún jà á. Nítorí náà, bí ọmọ Ìbàdàn bá ń sunkún yín níwájú ọmọ Èkìtì, ọmọ Èkìtì á kọ́kọ́ wẹ̀yìn kó tó rẹ́rìn-ín.

Ìsẹ́yìn àti Òkèihò kò tiẹ̀ rí ẹ̀rín rín. Ní 1916, bí ọ̀rọ̀ owó orí ṣe ń bọ̀, tí kóòtù tuntun sì ti gba ẹjọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn baálé, ìlú méjèèjì dìde. Ọ̀mọ̀wé J. A. Atanda ti Yunifásítì Ìbàdàn jókòó ti ọ̀rọ̀ yín, ó sì gbé ìwé jáde ní 1973 tó pe àkọlé rẹ̀ ní The New Oyo Empire. Ẹ gbọ́ nǹkan, ilẹ̀ ọba tuntun! Ohun tí ẹ pè ní àtijọ́, Atanda pè é ní tuntun, ó sì to ẹ̀rí kalẹ̀ láti inú lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín fi ọwọ́ yín kọ. Bí ẹ bá ti mọ̀ ni, ẹ ò bá má kọ̀wé tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìjà àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbóná nìyí. J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, àgbà òpìtàn, sọ láti òpin àwọn ọdún 1960 pé ìjọba amúnisìn kò ju abala kan lọ nínú ìtàn Áfíríkà. Ìtàn wa ti gùn kí ẹ tó dé, ó ń bá a lọ lẹ́yìn tí ẹ lọ, ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò sì yí padà bí ẹ ṣe rò. (Ẹnu mi kọ́, àmọ́ ẹni tí ìran rẹ̀ ti rí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kò ní í ka ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó sí nǹkan bàbàrà.) Ṣé ẹ rò pé òpìtàn nìkan ló fojú tín-ínrín yín báyìí? Nígbà tí Ládìgbòlù ọ̀rẹ́ yín wàjà ní 1944, tí òyìnbó kan sì dá Olókùn Ẹṣin, ìjòyè tí àṣà ní kó bá ọba kú, dúró pé kò gbọdọ̀ bá ọba lọ, Wole Soyinka fi ìtàn náà ṣe eré ní 1975. Gbogbo ayé ń wá òyìnbó nínú rẹ̀. Soyinka kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú, ọ̀rọ̀ amúnisìn tó wà níbẹ̀ kò ju ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ sí àárín ọ̀nà lọ, ọ̀rọ̀ ikú, ọ̀rọ̀ ìyè, ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá ni eré náà. Ọ̀rẹ́ yín lọ́ba, ìlú yín nìlú, wọ́n ní kí àwọn èèyàn yín lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle.

Bí ìyẹn bá dùn yín, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó kà yín sí. Mahmood Mamdani, ọmọ Uganda, kọ ìwé ní 1996 tó ń jẹ́ Citizen and Subject. Ó ní ọba irú èyí tí ẹ ṣe ti di ìkúùkù: aṣòfin, adájọ́, agbowó orí àti ọlọ́pàá, gbogbo wọn fún pọ̀ sínú ọwọ́ kan. Ó ní ìgboro lẹ fi ẹ̀tọ́ sí, ẹ sì fi àwọn ará oko sábẹ́ ìkúùkù yẹn, àti pé ìjọba tiwa-n-tiwa kò tíì tú u títí dòní. Mo gba ti ìkúùkù. Ti ìgboro òun oko ni kò bá ilẹ̀ wa mu dáadáa. Ta ló ń gbé ìgboro ju ọmọ Yorùbá lọ? Ìbàdàn tóbi ju Èkó lọ nígbà yẹn, síbẹ̀ inú ìgboro rẹ̀ gan-an ni ìkúùkù yín ti ń ba àwọn èèyàn lórí.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Peter Ekeh, ọmọ Urhobo tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Ìbàdàn. Àròkọ tó kọ ní 1975 kò gùn, àmọ́ kò sí ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òṣèlú ní Nàìjíríà tí kò bá a pàdé. Ó ní ìta gbangba méjì la ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà láti ìgbà yín: èyí tó jẹ́ ti ìlú àti ìran ẹni, tí ìtìjú wà níbẹ̀, àti èyí tó jẹ́ ti ìjọba, tí ìtìjú kò dé. Akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó bá fi ọwọ́ kan owó gbọ̀ngàn, ìyá rẹ̀ nílé á gbọ́ ọ. Kí akápò yẹn kan náà kó owó ọ́fíìsì ìjọba, kó fi kan páànù gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á lu ìlù fún un wọlé, wọ́n á fi í joyè. Ẹ wo gbogbo oyè tó ti ọ̀nà yẹn wá! A kì í ṣiṣẹ́ ìjọba ká làágùn, àwọn àgbà ti wí. Ekeh kò ní kí ẹ̀yin nìkan ru ẹrù náà o. Ó nawọ́ sí àwọn alákọ̀wé tiwa tó ń ba yín jà, tí wọ́n ń kọ́ aráàlú pé ọgbọ́n ni kéèyàn má san owó orí fún yín, tí wọ́n sì wá gorí àga tán, tí aráàlú kò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Àfikún kékeré ni mo ní: ká ní Ekeh bá wọn jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ìsinsìnyí ni, ì bá rí i pé ìtìjú tọ̀hún náà ti ń tán nílẹ̀.

Ó ku àlejò yín kan tí n kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní August 1925, wọ́n gbé ọba Èkó, Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ, wá sí Ọ̀yọ́ fún yín bí ẹrù ìpamọ́. Ìjọba ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́, òfin wọn sì ní ọba tí wọ́n bá yọ gbọ́dọ̀ kúrò nílùú. Ṣé ẹ̀yin náà rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ni? Ọkùnrin yẹn ń gbé lábẹ́ imú yín, Herbert Macaulay àti àwọn èèyàn wọn ní Èkó sì ń fi ìwé ẹjọ́ ránṣẹ́ láti kóòtù dé kóòtù, títí ó fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, nílé yín lọ́hùn-ún. Ní 1931, Lord Atkin fèsì pé òṣìṣẹ́ ìjọba, bó ti wù kó ga tó, kò lágbára láti fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni àfi bó bá lè fi òfin tó tì í lẹ́yìn han kóòtù. Ọdún yẹn kan náà ni Ẹlẹ́kọ padà sí Èkó. Ọdún yẹn náà lẹ̀yin kúrò ní Ọ̀yọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá jọ ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú nígbà yẹn?

Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń ka Olúfẹ́mi Táíwò, ọmọ Ìbàdàn tó ń kọ́ni ní Cornell. (Olúfẹ́mi Táíwò mìíràn wà ní Georgetown, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ìrònú ni òun náà, orí ọ̀rọ̀ amúnisìn ni òun náà ń kọ̀wé lé, èrò wọn kò sì bára mu. Ẹ má bínú, bí a ṣe ń ṣe nìyẹn.) Ti Cornell sọ ní 2010 pé àtijọ́ kọ́ ni ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa, ọ̀la ni. Ó ní kí irú yín tó dé, àwọn bíi Samuel Àjàyí Crowther ti ń mú ohun tó wù wọ́n nínú ayé tuntun, òmìnira ẹni, ilé ẹjọ́, ìwé, wọ́n ń fi í ṣe tiwọn láìsí ẹni tó fipá mú wọn. Lugard àti ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ wá ní rárá, ọba àti ìṣẹ̀ǹbáyé ló tọ́ sí ènìyàn dúdú, ẹ sì gbé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sínú yìnyín kó má baà dàgbà, kó má baà kú. Ní 2022, ó tún yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé tó ń pariwo pé ká fọ gbogbo ohun òyìnbó kúrò lórí wa, ó ní ẹ̀tàn ni, wọ́n ń sọ àwọn baba wa di ọmọlangidi tí kò lè yan ohun tó wù ú. Wọ́n bínú sí i gan-an. Èmi ò bínú. Nígbà tí Macaulay gbé òfin yín lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ kà á sókè, ta ni amúnisìn, ta ni òyìnbó níbẹ̀?

Àmọ́ kò yẹ kí inú yín bàjẹ́ jù. Òpìtàn A. I. Asiwaju ti fi yín wé àwọn Faransé, ó fi Kétu àti Ìmẹ̀kọ ṣe àpẹẹrẹ. Ìlà tí ẹ̀yin àti Faransé fà ní 1889 ló ya ìlú méjèèjì. Alákétu, ọba ńlá, bọ́ sọ́wọ́ Faransé, wọ́n fa iyì rẹ̀ walẹ̀. Onímẹ̀kọ tó ti ń wólẹ̀ fún un bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹ gbé e ga. Ará Kétu tí iṣẹ́ àfipáṣe àti ogun Faransé sú di ẹrù rẹ̀ lóru, ó sọdá sọ́dọ̀ yín. Nítorí náà, ẹ sàn ju Faransé lọ. Ẹ lè kọ ìyẹn sára ògiri.

Ojú tèmi rèé, kí n má baà fi ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan bò yín mọ́lẹ̀. Ajayi jàre pé ẹ kéré. Ìwọ̀nba ọdún lẹ lò, ìwọ̀nba yín lẹ wà, èdè wa kò sì kú. Ohun kan ṣoṣo lẹ fi sílẹ̀ tó ju gbogbo yín lọ: kálàmù. Ṣáájú yín, ọba ń jẹ nítorí pé àwọn afọbajẹ fi í jẹ tí Ifá sì gbè é, ó sì ń sùn nítorí pé àwọn tó fi í jẹ ló ní kó sùn. Láti ìgbà yín, ọba ń jẹ nítorí pé ẹnìkan ní ọ́fíìsì fọwọ́ sí ìwé. Àwa la wá gba kálàmù yẹn, ó sì dùn lọ́wọ́ wa débi pé a ò rántí ẹni tó ni ín.

Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Obafemi Awolowo bu ẹnu àtẹ́ lu ètò yín nínú ìwé tó kọ ní 1947, ó ní ẹ̀ ń sọ ọba di apàṣẹ wàá lórí aráàlú. Òótọ́ ló sọ. Kò pẹ́ tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 tí ìjọba náà fi lé Aláàfin Adéyẹmí Kejì kúrò lórí ìtẹ́ àti kúrò ní Ọ̀yọ́. Òyìnbó kọ́ ló ṣe é, ọ̀gá mi, kálàmù yín nìkan ni. Ní 1957, wọ́n ṣe Òfin Oyè, wọ́n ní kí ìlú kọ ìdílé tó ń jọba àti orúkọ afọbajẹ sílẹ̀, kí ìjọba fọwọ́ sí i, kó di àṣà. Ohun tí àwọn baba ń jiyàn lé lórí láti ìran dé ìran, wọ́n fi rọ́bà sítáǹpù pa iyàn rẹ̀.

Ìbàdàn tí ẹ ní kò gbọdọ̀ gbórí sókè ńkọ́? Ọ̀yọ́ tú u sílẹ̀ ní 1934, Baálẹ̀ di Olúbàdàn ní 1936, wọ́n sì jókòó jẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní August 2017, Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí sọ olóyè mọ́kànlélógún di ọba lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìlú kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ adé dáadáa, ọ̀kan péré lẹ gbé ga nígbà yín, ariwo ta dé Èkó. Ilé ẹjọ́ fagi lé e ní 2018. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ adé yẹn ti wọ kóòtù, ó ti jáde, ó tún ti wọ̀. Ní Ọ̀yọ́ yín gan-an, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní April 2022. Àwọn afọbajẹ mú ẹnìkan, gómìnà kò fọwọ́ sí i, wọ́n gba kóòtù lọ, ìtẹ́ sì ṣófo títí di January 2025 tí gómìnà gbé ọ̀pá àṣẹ lé Aláàfin tuntun lọ́wọ́. Mi ò sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi o, mo ṣì fẹ́ máa gbé ìpínlẹ̀ yìí. Mo kàn ń bi yín bóyá ẹ mọ ibi tí ọ̀pá yẹn ti ṣẹ̀.

Ìjà lórí ẹni tí yóò ṣe alága ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba ìpínlẹ̀ yìí tún wà níbẹ̀, láàárín Aláàfin, Olúbàdàn àti Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Gómìnà kan á ṣòfin, òmíràn á tún un ṣe, ibi tí ẹ fi ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn sí lẹ ṣì máa bá a bí ẹ bá padà wá lọ́la.

Àwọn fáìlì yín wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ara wọn ti di pípọ́n, etí wọn ti ń já, “Oyo Prof” ló wà lára wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà wọ́n. Àmọ́ àwọn tó ń kà wọ́n pẹ̀lú òógùn lójú ni lọ́yà àti àwọn ọmọọba, nítorí pé bí adájọ́ bá béèrè kí ni àṣà ìlú yìí láti ìṣẹ̀ǹbáyé, ìwé tí òyìnbó bíi tiyín kọ ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ọ̀gá mi. Bí ẹ bá kó fáìlì kankan dání lọ́dún 1931, bó jẹ́ tákàdá kékeré tí ẹ fi pẹ́ńsù kọ “Mo gbọ́ pé ìdílé yìí náà ń jọba” sí, ẹ fi sábẹ́ ìrọ̀rí yín níbẹ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́. Ìdílé mẹ́ta ló ń dúró dè é ní kóòtù.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ìbàdàn kan